Másítà ààbò kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí n yàn nínú mẹ́ta yìí?

Ọmọ_Òkè_Àdó béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. HND Computer Science ni mo ní. Ẹ̀ka nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni mo wà ní báǹkì kan n'Íbàdàn: firewall, VPN, àtúnṣe láìnì tó bá já. Mo fẹ́ bọ́ sí ẹ̀ka ààbò, mo sì fẹ́ gba Másítà láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mẹ́ta ni mo yà sọ́tọ̀: OMS (Online Master of Science) Cybersecurity ti Georgia Tech l'Ámẹ́ríkà, ti University of London tí Royal Holloway ń darí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti ti ACETEL, ibùdó ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ National Open University wa níbí.

Èwo ló bá irú mi mu? Ṣé wọ́n á gba HND? Ṣé mo lè fi gba físà tó bá yá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "gbogbo rẹ̀ ló dáa".

Kóòdù_Àgbà dáhùn:

Àbúrò, yan iṣẹ́ kí o tó yan iléèwé. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ààbò yìí pín sí, wọ́n sì jìn síra. Àwọn kan ń tú kóòdù wò, wọ́n ń wá ibi tí sọ́fítíwíà ti lu, wọ́n ń ka log nígbà tí olè bá ti wọlé. Àwọn kejì ń kọ ìlànà, wọ́n ń ṣe ọ́díìtì, wọ́n ń rí i pé iléeṣẹ́ ò rú òfin. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀kan, ìyà ni èkejì máa jẹ́ fún un.

Georgia Tech mọ èyí, ìyẹn ni wọ́n fi pín tiwọn sí ẹ̀ka mẹ́ta: Information Security, Policy, àti Cyber-Physical Systems tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti irú rẹ̀. Kírẹ́díìtì 32 ni lápapọ̀: kọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3, àti practicum, iṣẹ́ àṣekágbá, tó jẹ́ 5. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní January 2019, wọ́n kéde pé owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀ kò ní tó 10,000 dọ́là. Àmọ́ ka ìsàlẹ̀ ìwé owó wọn dáadáa. Yàtọ̀ sí owó kírẹ́díìtì, owó kan wà tí wọ́n ń gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe kọ́ọ̀sì kan lo mú tàbí méjì. Ẹni tó ń mú ọ̀kan-ọ̀kan máa san owó yẹn lẹ́ẹ̀mejì ẹni tó ń mú méjì-méjì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún ọ láti parí rẹ̀.

Dán ara rẹ wò kí o tó san kọ́bọ̀. Lọ sí pwn.college, Arizona State University ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. SEED Labs tó wá láti Syracuse University náà ò gba owó. Mú iṣẹ́ buffer overflow níbẹ̀. Kọ program C kékeré kan tó ní `char buf[64]`, kí o fi `strcpy` da ọ̀rọ̀ gígùn sínú rẹ̀. `strcpy` kì í wọn àyè; bí ọ̀rọ̀ bá kọjá báìtì 64, á kún bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú stack, ìyẹn apá memory tí program ń lò bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lórí ẹ̀rọ 64-bit, báìtì 8 ti saved rbp (àmì ipò stack tí program tọ́jú) ló sábà máa ń tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ló kan àdírẹ́sì tí iṣẹ́ máa padà sí. Nítorí náà 72 ni nọ́ńbà tí wàá sábà rí, ṣùgbọ́n compiler lè fi àyè kún un, torí náà gdb, irinṣẹ́ tó ń fi inú program hàn, ni kí o fi wò ó, má méfò. Bí o bá gbàgbé `-fno-stack-protector`, tó ń pa ìdáàbòbò stack, nígbà tí o ń ṣe compile, "stack smashing detected" ni wàá rí, program á sì kú kó tó dé ibi tí o ń lọ. Bí o bá gbàgbé láti pa ASLR, tó ń da àdírẹ́sì memory rú, àdírẹ́sì á máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí o bá tún un ṣe, wàá sì rò pé ìwọ lò ń ṣe é ní àṣìṣe.

Tí irú nǹkan báyìí bá ń dùn mọ́ ọ, Information Security ni tìrẹ. Tó bá sú ọ kó tó dọ̀la, wo Policy tàbí London. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Iṣẹ́ ìlànà ló pọ̀ jù ní báǹkì Nàìjíríà. Tó bá sì jẹ́ pé ó wù ọ́ àmọ́ C ń fún ọ lọ́rùn, fi oṣù mẹ́ta kọ́ C àti assembly kí o tó wọlé. Ní ti kọ́ọ̀sì Network Security ti Georgia Tech, ìmọ̀ firewall rẹ á gbé ọ dé ìdajì ọ̀nà.

Ìyá_Ìwé_Ẹ̀rí dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìwé àti físà.

Físà kọ́kọ́, torí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Rárá ni o. Ẹ̀kọ́ tí ẹ jókòó sílé kà látòkè délẹ̀ kì í mú físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ ti Amẹ́ríkà, wá, kò sì sí OPT, àyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀. Kódà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 tó wà l'Ámẹ́ríkà gan-an, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré, tàbí kírẹ́díìtì 3, ni wọ́n lè kà fún un mọ́ ẹ̀kọ́ tó ń ṣe ní sáà kan. Bákan náà ló rí ní ìlú ọba: ẹni tó ń kàwé láti ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà ò lè gba físà akẹ́kọ̀ọ́, kò sì lè gba Graduate visa tí wọ́n ń fún àwọn tó parí. Aṣojú tó bá sọ ohun mìíràn fún yín, owó yín ló ń wò.

HND: àwọn yunifásítì wa níbí sábà máa ń ní kí ẹni tó ní HND kọ́kọ́ ṣe PGD (Postgraduate Diploma) kó tó wọ Másítà. Lókè òkun, ọwọ́ iléèwé kọ̀ọ̀kan ló wà. Georgia Tech ń béèrè bachelor's degree tàbí ohun tó bá a dọ́gba, àwọn fúnra wọn ló sì máa sọ bóyá HND yín dọ́gba. Ẹ kọ ímeèlì kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ètò ìlú ọba: kírẹ́díìtì 180 ni Másítà wọn, ṣùgbọ́n 60 lè fún yín ní Postgraduate Certificate, 120 lè fún yín ní Postgraduate Diploma. Bí dọ́là bá fò lójijì, ẹ ò ní jáde lọ́wọ́ òfo. Ti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá dúró ní kírẹ́díìtì 20 nínú 32, transcript nìkan ló máa mú lọ.

Orúkọ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí HND bá sọ pé "Oluwaseun", tí páásípọ́ọ̀tù sọ pé "Seun", ẹ ṣe affidavit nísinsìnyí. Ẹ má dúró dìgbà tí gbèdéke bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tètè béèrè transcript lọ́wọ́ pólì yín pẹ̀lú, torí pé tààrà ni iléèwé òkèèrè máa ń fẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ wọn wá, ẹ sì mọ bí ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ṣe ń rìn.

Ìfọwọ́sí: SACSCOC, àjọ tó ń yẹ iléèwé gíga wò l'Ámẹ́ríkà, ló fọwọ́ sí Georgia Tech. Ti ìlú ọba, ẹ wo àkójọ Office for Students, tiwa, NUC. Ẹ fúnra yín wá ojú ìwé àjọ náà, ẹ má tẹ líǹkì tí iléèwé bá fún yín. Ní 2015 tí àṣírí Axact, iléeṣẹ́ Pakistan tó ń ta ìwé ẹ̀rí ayédèrú, tú, ara ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn iléèwé ayédèrú wọ̀nyẹn tún ní àjọ ìfọwọ́sí ayédèrú tiwọn.

Ọmọ_Òkè_Àdó:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Físà ti tán nílẹ̀ nìyẹn. Láptọ̀ọ̀pù 8GB ni mo ní, ọ́fíìsì náà sì fún mi ní ọ̀kan tó lágbára jù ú lọ. Ṣé mo lè máa lo ti ọ́fíìsì? Báwo sì ni ti iná àti dátà nígbà ìdánwò?

Olùṣọ́_Òru dáhùn:

Ẹ gbé ti ọ́fíìsì kúrò lọ́kàn pátápátá. Ìdánwò wọ̀nyí ní ohun tí wọ́n máa ń fi kún browser láti fi kámẹ́rà ṣọ́ yín, ẹ̀rọ báǹkì sì máa ń dí irú rẹ̀. Tó bá sì dé ọ̀rọ̀ malware, fáìlì kan ṣoṣo tí antivirus ọ́fíìsì bá mú, ìwé ẹ̀sùn ló máa tẹ̀lé e. Ẹ má sì fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì báǹkì dánra wò, bó ti wù kó kéré mọ. Wíwọ ẹ̀rọ láìgba àṣẹ wà lábẹ́ abala 6 nínú Cybercrimes Act ti 2015, "mò ń kàwé ni" kì í ṣe àwíjàre.

8GB ò tó. 16GB RAM àti SSD 512GB, Intel tàbí AMD. Ẹ ṣọ́ra fún Mac tuntun: chip M1 àti àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ ARM, ọ̀pọ̀ virtual machine (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) tí olùkọ́ máa fún yín sì jẹ́ x86, ti Intel àti AMD. Ó ṣeé fi emulator ṣe, àmọ́ ìjàpá á sáré jù ú lọ.

Lórí ìjàpá ná: bí ẹ bá ṣí VirtualBox, tí a fi ń lo virtual machine, lórí Windows tí ẹ rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, Hyper-V, irú rẹ̀ tí Windows ní fúnra rẹ̀, ló ti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wọ BIOS kí ẹ rí i pé VT-x (SVM ni ti AMD) wà ní títàn. Ẹ pa Memory Integrity ní Core isolation, ẹ ṣí Command Prompt bí administrator, ẹ kọ `bcdedit /set hypervisorlaunchtype off`, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tàn. WSL2 àti Docker ò ní ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi dá a padà sí `auto`. Ẹ máa ya snapshot, ẹ̀dà ipò tí virtual machine wà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìdánwò: inverter tó lè gbé router àti láptọ̀ọ̀pù fún wákàtí mẹ́rin, àti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì láti iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìdánwò bá ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ lè fi ṣe é, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ṣe é.

Kọ́ọ̀sì tó pọ̀ ní Georgia Tech máa ń lo "AoE" (Anywhere on Earth) fún gbèdéke. Agogo UTC−12 nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ Sunday 23:59 AoE, Monday ní aago kan ọ̀sán ku ìṣẹ́jú kan ni lọ́dọ̀ wa, 12:59 gan-an. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ ẹ wà níbi iṣẹ́ lásìkò yẹn, nítorí náà alẹ́ Sunday ni kí ẹ kà sí òpin.

Ẹ má gbé kóòdù assignment sí GitHub gbangba. Wọ́n ní irinṣẹ́ bíi MOSS tó ń fi kóòdù ọdún yìí wé ti àwọn tó ti lọ, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó jí i wò ló sì máa ń wọ gàù.

Alákòóso_Ewu dáhùn:

Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ẹni tó wà ní báǹkì tó sì fẹ́ dúró ní báǹkì, ṣé Másítà ló kàn? CISSP, ìwé ẹ̀rí fún àwọn oníṣẹ́ ààbò, ń béèrè ìrírí ọdún márùn-ún nínú ó kéré tán ẹ̀ka méjì lára mẹ́jọ. Communication and Network Security jẹ́ ọ̀kan, ìyẹn ni pé ọdún tí ẹ ti lò nídìí firewall ń kà. Dìgírì máa yọ ọdún kan péré kúrò. Ẹni tó bá yege tí ìrírí rẹ̀ ò tíì pé, á di Associate, á sì ní ọdún mẹ́fà láti fi pé e. Ìdánwò rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ìbéèrè 100 sí 150.

Ohun tí ọ̀gá yín máa bi yín ní báǹkì kò sí ní Atlanta tí Georgia Tech wà: ìlànà CBN lórí ààbò kọ̀ǹpútà tó ní kí báǹkì yan CISO (ọ̀gá ẹ̀ka ààbò), àti Nigeria Data Protection Act ti 2023 tó fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó Nigeria Data Protection Commission létí bí dátà aráàlú bá jò tó sì lè pa wọ́n lára. Ẹ ó ka òfin wọ̀nyẹn fúnra yín.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fojú tẹ́ńbẹ́lú ACETEL. Wọ́n ní Másítà àti PhD nínú Cybersecurity, náírà lẹ máa san, bí ẹ bá sì ń rò láti di olùkọ́ ní yunifásítì wa lọ́jọ́ iwájú, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín bóyá iléèwé ìjọba ni.

Kóòdù_Àgbà:

Mo gbà díẹ̀. Àmọ́ CISSP fẹ́ CPE (àmì ẹ̀kọ́ àfikún) 120 ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta kó má baà kú, Másítà kì í kú. Ẹni tó bá sì fẹ́ kúrò ní báǹkì lọ síbi tí wọ́n ti ń tú malware, CISSP ò ní kọ́ ọ ní gdb. Ohun tí mi ò ní gbà ni kó ṣe méjèèjì pọ̀ nínú ọdún kan náà. Kọ́ọ̀sì kan ní sáà kan, pẹ̀lú iṣẹ́ báǹkì, ti tó ẹrù.

Ọmọ_Òkè_Àdó:

Mo ti bẹ̀rẹ̀ pwn.college lálẹ́ àná, ó sì ń dùn. Georgia Tech ni ọkàn mi ń fà sí, tí wọ́n bá gba HND. Kí ni kí n kọ sínú ímeèlì náà, mà?

Ìyá_Ìwé_Ẹ̀rí:

Kó má gùn. Ọ̀rọ̀ kan nípa irú iléèwé tí pólì yín jẹ́. OND ọdún méjì, IT ọdún kan, HND ọdún méjì, pẹ̀lú àmì ìparí (Upper Credit tàbí èyí tó bá jẹ́). Ẹ fi transcript àti ìwé ẹ̀rí méjèèjì mọ́ ọn ní PDF. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè méjì péré: ṣé èyí dọ́gba pẹ̀lú bachelor's fún ẹ̀ka Information Security, bí kò bá sì dọ́gba, ṣé PGD láti yunifásítì Nàìjíríà máa dí àlàfo náà? Ẹ má béèrè lórí fóònù. Ẹ tọ́jú èsì wọn, kí ẹ sì gbé e sókè pẹ̀lú fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀, torí ẹni tó dáhùn ímeèlì lè má jẹ́ ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù.