Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí àbúrò mi wọ honors yìí àbí kó fi sílẹ̀?

OmoIgbogbo: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Àbúrò mi obìnrin gba admission sí yunifásítì ìjọba kan ní Ohio, Amẹ́ríkà, Biology ló fẹ́ kà, wọ́n sì fún un ní sikọ́láṣíìpù díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni íméèlì míì wọlé pé wọ́n pè é sí Honors College wọn. A lọ prínt ẹ̀ ní Sábó, màmá wa ti fi í sínú Bíbélì. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀, ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 3.5 lọ, ó máa kọ thesis kó tó jáde, hósítẹ̀lì wọn sì wọ́n ju tàwọn yòókù lọ. 1 May la gbọ́dọ̀ fèsì. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹrù má pọ̀ jù fún ọmọ tó ń lọ síbi tí ò ti mọ ẹnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

IyaIbejiSabo: Ẹ kú oríire o. Kó wọlé jàre. Ṣebí Honors náà ló wà lára sátífíkéètì gbogbo wa, èmi náà B.Sc. Honors ni mo gbà.

EgbonAgbowa: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ìyẹn yàtọ̀ o. Tiwa níbí, ẹni tó bá ṣáà ti jáde pẹ̀lú 2:1 tàbí 2:2, Hons máa wà lára degree ẹ̀, wọn kì í pe èèyàn sí i. Tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n ṣa àwọn kan jọ ni, kíláàsì kéékèèké, iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àti pé lórí 4.0 ni 3.5 yẹn, kì í ṣe 5.0 tiwa. Tó bá gba A nínú ìdajì kọ́ọ̀sì, tó gba B nínú ìdajì tó kù, 3.5 gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò sí àyè fún C.

OmoEpeNiMi: Mo ṣe honors yẹn lọ́hùn-ún. Nílé-ìwé wa ní Ẹ̀pẹ́, tí tísà bá ń sọ̀rọ̀ o ò gbọdọ̀ yanu. Mo débẹ̀, àwa mẹ́rìnlá yí tábìlì kan ká, bàbá àgbàlagbà tó ń kọ́ wa ka ojú ìwé kan tán, ó kọjú sí mi, ó ní ṣé mo gba ohun tí òǹkọ̀wé yẹn sọ. Mo ní yes sir. Ó ní kí ló dé. Mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, máàkì sì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ o. Ìgbà tó pè mí sí ọ́fíìsì ni mo ṣàlàyé pé níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, ó ní òun ò ní kí n jiyàn, kí n ṣáà máa bi òun ní ìbéèrè kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹn náà ló kọ létà fún mi nígbà tí mo ń wá master's, ó rántí ìbéèrè tí mo bi í. Nínú kíláàsì èèyàn igba, ta ló máa rántí ẹ?

BodaEbute: Mi ò ní kó má wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè owó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sikọ́láṣíìpù ẹ̀ so mọ́ honors, Organic Chemistry fà á wálẹ̀ lọ́dún kejì, honors lọ, owó náà bá a lọ, la bá ń sáré yáwó kiri. Mi ò tíì gbàgbé ohùn ìyá ẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń ka Biology náà máa bá Organic Chemistry pàdé o. Ẹ bi wọ́n bóyá owó ẹ̀ máa dúró tó bá kúrò, bóyá dandan ni hósítẹ̀lì yẹn, bóyá wọ́n ń gba owó honors lọ́tọ̀. Físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, sì rèé, lọ́dún àkọ́kọ́ inú ọgbà ilé-ìwé nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ìwé bá ń lọ.

OmoEpeNiMi: Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Tí owó ò bá so mọ́ ọn, kó wọ̀ ọ́, tó bá wúwo jù kó jáde, àwọn kọ́ọ̀sì tó ti ṣe ò ní ṣòfò. Ní tèmi, àwa la tún kọ́kọ́ ń forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, lab tó sì máa ń tètè kún nìyẹn.

OmoIgbogbo: Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú tiyín náà. A ti kọ íméèlì náà báyìí, ìbéèrè mẹ́ta tí Bọ̀dá sọ ló wà níbẹ̀. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ìkẹrin sí i, pé tóun bá sọ pé rárá báyìí, ṣé òun ṣì lè wọlé lọ́dún kejì?