Ìjàpá bàbá wa tó ti jókòó láti 2003: èló ló yẹ ká kà á sí?

ỌmọTísà_Ìjẹ̀bú
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Tísà ni bàbá wa nígbà ayé wọn. Ní 1970, wọ́n ra Volkswagen Ìjàpá kan lọ́wọ́ òyìnbó tí wọ́n jọ ń kọ́ni. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Láti 2003 ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá ti lọ, ó ku àwa ọmọ mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan yà wá sílé, ó ní òun á san ₦450,000 lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò ní bí a bá lè kó ₦2,500,000 sílẹ̀, òun á tún un ṣe táá máa dán gbinrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ní ká tà á. Ọkàn tèmi kò tíì gbà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye tí irú ọkọ̀ yìí tó, kó tó di pé a tà á tàbí a náwó lé e?

Páńẹ́lìGate
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Iṣẹ́ páńẹ́lì ni mò ń ṣe ní Gate, Ìbàdàn, Ìjàpá tó sì ti gba ọwọ́ mi kọjá kò kéré. Ẹ́ńjìnì kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ọkùnrin méjì àti jáàkì kan, kò ní pẹ́ tó fi máa wà nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì ṣeé rà, ó ṣeé pààrọ̀. Irin ìsàlẹ̀ ló ń gbé owó mì.

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Apá ọ̀tún ibẹ̀ ni bátìrì máa ń jókòó sí, omi rẹ̀ á máa kán, á sì máa jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dúró nínú ọkọ̀ tí ẹ sì rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ibẹ̀ ṣeé gé kúrò, ká jó irin mìíràn sí i. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù ni irin gbọọrọ oníhò tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì, tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà láti ẹ́ńjìnì wá síwájú. Òun ló di ara ọkọ̀ mú. Ẹ mú sukudíráfà, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi gún un láti abẹ́. Bó bá dún kó, irin ṣì wà níbẹ̀. Bó bá rì wọlé, ó ti dípẹtà tán nìyẹn, ẹ kọ ibi tó wà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tún tì í. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò tì, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín.

Ẹ tún wá òòfà, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò. Ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ gbé e káàkiri ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Ní ti ẹ́ńjìnì, ẹ di púlì ìsàlẹ̀ tí bẹ́líìtì wà lára rẹ̀ mú, ẹ tì í, ẹ fà á. 0.15 mm ni ibi tí wọ́n ní kó má kọjá, ìyẹn ni pé ojú lásán kò gbọdọ̀ rí i pé ó ń lọ ó ń bọ̀. Bó bá ń dún kókókó lọ́wọ́ yín, ẹ ti owó ẹ́ńjìnì bọ ìṣirò yín.

Nọ́ńbà ṣáásì wà lórí irin àárín, lábẹ́ àga ẹ̀yìn yẹn náà. Ti ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ dáínámò. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì síbí, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀.

Àǹtí_Oníṣirò
Bọ̀ọ̀dá Páńẹ́lì ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo ra Peugeot 504 GL kan, ara àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. ₦300,000 ni mo rà á. Oníṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ sọ pé ₦900,000 á parí gbogbo rẹ̀. Kí n tó wà á jáde, ₦1,640,000 ti lọ, ó sì ti gba ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló pa mí lówó: rọ́bà etí gíláàsì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn apá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá iná yẹn kiri ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Mo sunkún lórí ọkọ̀ yẹn.

Bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ báyìí nìyí. Ẹ wádìí iye tí ẹnì kan san gan-an fún Ìjàpá tó pé tó sì ń rìn. Iye tí wọ́n ń pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ o, iye tó kúrò lápò ẹni tó rà á ni. Ká ní ₦3,500,000 ni. Ẹ yọ owó iṣẹ́ kúrò, ₦2,500,000. Ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ náà, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ìyẹn tó ₦830,000. Ó ku ₦170,000. Iye tí ọkọ̀ yín jẹ́ nìyẹn, lọ́wọ́ ẹni tó máa gbé e fún oníṣẹ́.

Ẹ wá wo ọkùnrin tó fẹ́ san ₦450,000. Kí ló dé tó fẹ́ san ju bẹ́ẹ̀ lọ? Yálà òun fúnra rẹ̀ ni oníṣẹ́, tàbí ó fẹ́ tú u palẹ̀ kó máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, tàbí ó rí nǹkan lára ọkọ̀ yẹn tí ẹ̀yin kò rí. Ẹ bi í.

Ọmọ_Peckham
Sítíárìn ló rí, lójú tèmi. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Ìjàpá yín ti wà kó tó dìgbà náà. Àwọn kan lè ti gbé sítíárìn irú rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì nígbà yẹn: wọ́n gé dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi pọ́tì dí ojú ihò. Ẹ fọwọ́ tọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yín wò láti òpin dé òpin.

Níbí ní London, ọ̀tún la ń jókòó sí wakọ̀. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, èèyàn lè béèrè kí wọ́n yọ̀ǹda owó orí ọkọ̀ fún un, kò sì pọn dandan kó ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, bí wọn kò bá ti yí i padà kọjá ààlà. Síbẹ̀, ẹ má fi èyí gbé owó gẹgẹrẹ lé e. Ìjàpá ọlọ́tùn-ún kò wọ́n wa níbí, owó ọkọ̀ ojú omi á sì jẹ èrè. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan gbé sítíárìn yẹn lọ sí òsì.

Ará_SãoPaulo
Fusca ni wọ́n ń pè é níbí ní Brazil. Wọ́n ṣe é di 1986, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n tún ṣe é láti 1993 sí 1996. Irú ẹ́ńjìnì tí atẹ́gùn ń tù yẹn sì wà nínú Kombi, bọ́ọ̀sì Volkswagen, títí di òpin 2005. Nítorí náà, tuntun ẹ̀yà ẹ́ńjìnì, bíréèkì, rọ́bà, àní irin ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i rà níbí. Àmọ́ bọ́ńpà, fẹ́ńdà àti iná iwájú, ẹ rọra. Ti ibí àti ti Jámánì kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ fi fọ́tò tiyín wé e kí ẹ tó sanwó.

Bàbá_Ẹ̀gbá
Ọmọ mi, orúkọ ta ló wà nínú pátíkúlà? Bó bá jẹ́ ti bàbá yín, ogún ni. Ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, kí ẹ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ bá pinnu. Mo mọ ilé kan tí àbúrò ti fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ bàbá ṣe. Ọjọ́ tó dán tán ni ẹ̀gbọ́n wá gbé e lọ. Wọn kò tíì kí ara wọn dòní. Yàtọ̀ síyẹn, ọkọ̀ tí kò ní ìwé, ẹni tó mọ ohun tó ń rà kò ní san owó gidi lé e.

ỌmọTísà_Ìjẹ̀bú (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àbúrò mi gbá ewé máńgòrò kúrò lórí rẹ̀, a gbé àga ẹ̀yìn. Abẹ́ bátìrì ti lu, ihò náà á gba àtẹ́lẹwọ́ mi méjì. Koríko ti gba ibẹ̀ wọlé. Apá òsì le koko. Lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀tún dún kó látẹ̀yìn dé iwájú. Ní òsì, sukudíráfà rì wọlé níbì kan nítòsí táyà ẹ̀yìn, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí, wọ́n sì tì. Òòfà lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo àfi fẹ́ńdà ẹ̀yìn kan. Púlì kò mì. Dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní àpá. 118 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ṣáásì, H ló bẹ̀rẹ̀ ti ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí a yọ sípéà táyà níwájú, a rí ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Gbogbo ìgbà tí bàbá pààrọ̀ ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, báírò búlúù, ọjọ́ rẹ̀ àti iye máìlì. Oṣù kẹjọ 2003 ni ìlà tó kẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Mo pe ọkùnrin yẹn, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Kò dáhùn ìyẹn. Ó ní òun á san ₦700,000.

Páńẹ́lìGate
11 yẹn túmọ̀ sí Ìjàpá, 8 ni 1968, oṣù kẹjọ 1967 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ti ọdún náà. H ni ẹ́ńjìnì 1500 cc ìgbà yẹn, ó bá ọdún ọkọ̀ mu. Irin tí ẹ ṣàpèjúwe yìí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni lọ́wọ́ mi. Kí mẹkáníìkì tó dá ₦2,500,000 lé yín kọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí_Oníṣirò
Bí iṣẹ́ bá já sí ₦1,600,000, tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦3,500,000 yẹn, tí ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, bíi ₦530,000, ọkọ̀ yín tó ₦1,370,000 bó ṣe wà yẹn. ₦700,000 kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìwé bàbá yẹn, ẹ má jẹ́ kó sọnù. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí á fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

ỌmọTísà_Ìjẹ̀bú
A ṣèpàdé lánàá. A kò tà á lọ́dún yìí. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà máa lọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé ilé ẹjọ́, irin ìsàlẹ̀ la sì máa kọ́kọ́ ṣe, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa dá owó náà. A ti tì í bọ́ sábẹ́ páànù. Bọ̀ọ̀dá Páńẹ́lì, ṣé a lè ra bátìrì ká gbìyànjú sítáàtì rẹ̀?

Páńẹ́lìGate
Rárá o, ẹ má tíì sítáàtì. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà yí púlì wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi agbára sí i. Pẹtiróòlù àtijọ́ tó wà nínú táńkì, ẹ fà á dànù kó má baà dé kábúrétọ̀. Ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ilé fáànù dáadáa, torí eku fẹ́ràn àtimáa tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní omi, atẹ́gùn yẹn nìkan ló ní. Bí púlì bá yí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ níbí, màá sọ èyí tó kàn.