Re: "Olùdarí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ" kẹ̀? Ẹ̀rọ wo ló wà nínú bọ́ọ̀lù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè.

Mo ka ìtàn Augustine Eguavoen tí ọ̀kan nínú wa túmọ̀ síbí. Ó dùn ún kà, àfìgbà tí mo dé ibi tó ti pe ọkùnrin náà, tó jẹ́ "technical director" NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní "Olùdarí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ". Háà! Ẹ̀rọ wo? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe ni àbí jẹnẹrétọ̀? Torí pé òyìnbó fi "technical" síwájú oyè, la ṣe sọ agbábọ́ọ̀lù di mẹkáníìkì. Technical adviser tí wọ́n ń pe Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà kan, ńkọ́? "Agbaninímọ̀ràn Ẹ̀rọ" nìyẹn!

Ẹ wo iṣẹ́ tí Eguavoen ṣe. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá. Ó wà nínú ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó kó Super Eagles lọ sí Íjíbítì ní 2006, wọ́n gba ipò kẹta. Ọdún 2020 ni NFF fún un ní oyè tí à ń jà lé lórí yìí. Ẹni tó bá wà nípò yẹn kì í dúró létí pápá kó máa pariwo. Òun ló ń wo ètò àwọn ọ̀dọ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, tó sì ń dámọ̀ràn ẹni tó yẹ ká gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lé Rohr ní oṣù Kejìlá 2021, òun náà ni wọ́n tì síwájú. Ó borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Kamẹrúùnù kí Tùnísíà tó lé e wálé, Gánà sì fi ọ̀mì 1-1 gba tíkẹ́ẹ̀tì World Cup mọ́ ọn lọ́wọ́ l'Ábùjá. Oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n tún sá tọ̀ ọ́; ó fi 3-0 na orílẹ̀-èdè Benin ní Uyo. Oyè méjì lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Bí a ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, báwo la ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀?

Ẹnìkan dá "baba ìsàlẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá" lábàá fún "technical director". Ẹ jọ̀ọ́, baba ìsàlẹ̀ wo ló ń gbowó oṣù? "Olùdarí Ọgbọ́n Ìgbábọ́ọ̀lù" ni tèmi. Àwọn kan nínú yín ní "ọgbọ́n" ń rùn bí àrékérekè. Ṣé ọgbọ́n orí náà ń rùn ni? Àwọn baba tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò láyé ìgbà kan ò wo ìwé atúmọ̀ kankan. Agbábọ́ọ̀lù á gé ẹni méjì, á ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ ẹnì kẹta, wọ́n á ní "ọgbọ́n ló fi ṣe é!" Gbogbo ilé á sì gbọ́ wọn yé.

Ní ti ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó ti ń kọ́ gírámà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, tó ní àìmọ̀kan ni "akọ́nimọ̀ọ́gbá", pé "akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá" ló tọ́: mo dọ̀bálẹ̀, sà. Àmọ́ "mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà" lẹ kọ sí ìlà kẹta lẹ́tà yín kan náà. Níbo ni "n" tiyín wọlé sí?