Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìwé "kọ́ńtírákítọ̀": mo ti fẹ́ pa á dé

Ìbéèrè mi nìyí: bí iléeṣẹ́ kan ní Wuse, l'Ábújá, bá pe èèyàn ní kọ́ńtírákítọ̀ (agbaṣẹ́ṣe, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn), tó tún ní kó máa wọlé láago mẹ́jọ, kó jáde láago márùn-ún, kí lòfin máa pè é, òṣìṣẹ́ àbí kọ́ńtírákítọ̀?

Orúkọ orí ìwé nìkan kọ́ ni kóòtù ń wò. Nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak (2008), ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ to àwọn àmì tí wọ́n fi ń mọ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí kọ́ńtírákítọ̀ sílẹ̀: ṣé owó oṣù ni àbí owó iṣẹ́? Ta ló ni irinṣẹ́? Ṣé ó lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn? Ṣé wọ́n dá wákàtí fún un? Ẹ má tìtorí pé ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ rò pé kọ́ńtírákítọ̀ ni yín o. Ìyẹn nìkan ò tó.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ san ó kéré tán 10% owó oṣù sínú pẹ́ńṣàn òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ san 8%. Kọ́ńtírákítọ̀ ò rí 10% yẹn gbà.

Bó bá jẹ́ pé kọ́ńtírákítọ̀ lẹ fẹ́ jẹ́ lóòótọ́, kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ fi iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rọ́pò owó oṣù, ẹ fi ọjọ́ ìfijíṣẹ́ rọ́pò wákàtí, kẹ́ ẹ sì yọ gbólóhùn tó ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fẹ́lòmíràn. Àmọ́ bí ọ̀gá bá ṣì ń pè yín lójoojúmọ́ láti pàṣẹ iṣẹ́ fún yín, àtúnṣe orí ìwé ò wúlò. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ tọ́jú àlẹ́ẹ̀tì báńkì àti àwọn àṣẹ orí WhatsApp: ẹ̀rí nìyẹn bó bá dé National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́.