Ọjọ́ mẹ́rin ní Róòmù pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: báwo ni ká ṣe rìn ín?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Màmá

Mo kí gbogbo ilé. Èmi àti ìyá mi ń múra láti lọ sí Róòmù, olú ìlú Ítálì, nínú oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́rin péré la sì ní lọ́wọ́. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ṣì ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó lè pẹ́ lórí ìdúró, àtẹ̀gùn gíga sì máa ń ni ín lára púpọ̀. Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ni òun fẹ́ rí, àti ilé ìjọsìn tí wọ́n sin Póòpù Francis sí. Ní tèmi, Colosseum (pápá ìṣeré ńlá ayé àtijọ́), Pantheon (tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ rí roboto) àti àwókù ìlú àtijọ́ ló wà lọ́kàn mi.

Mo ti ka oríṣiríṣi ìmọ̀ràn, àmọ́ orúkọ ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dé ni ọ̀pọ̀ wọn kàn ń kà lọ rẹrẹ. Kò sí èyí tó sọ bí ènìyàn ṣe máa ti ibì kan dé ibòmíràn láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ṣé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni kí á gbára lé ni, àbí bọ́ọ̀sì, àbí takisí? Àdúgbò wo ló dára kí á dé sí? Tíkẹ́ẹ̀tì wo ló sì pọn dandan kí á rà sílẹ̀ kí á tó kúrò nílé?

Èsì láti ọwọ́ Ará Òkè Òkun

Ẹ kú ìmúra o, ẹ sì bá mi kí màmá. Kí ẹ tó ronú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ àwòrán ìlú náà síwájú ara yín, nítorí pé jíjìn ọ̀nà kọ́ ló ń dá àlejò lágara ní Róòmù, àlọ-tún-bọ̀ tí kò nídìí ni. Ènìyàn á lọ sí Colosseum láàárọ̀, á sáré sọdá sí Vatican, níbi tí Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ wà, lọ́sàn-án, á tún gba Colosseum kọjá lálẹ́, kìkì nítorí pé orúkọ àwọn ibi wọ̀nyí ló lókìkí jù. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn ni kí ẹ fi tò wọ́n. Colosseum, Foro Romano (àwókù gbàgede àárín ìlú àtijọ́), òkè Palatino àti òkè Campidoglio wà lójú kan náà. Piazza Navona, Pantheon, orísun omi Trevi àti Àtẹ̀gùn Sípéènì náà wà lójú kan, tí ènìyàn lè máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Vatican dá wà ní òdìkejì odò Tiber. Tí ẹ bá fún agbo kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan, ọjọ́ kẹrin á ṣẹ́kù fún ilé ìjọsìn tí màmá fẹ́ dé, fún ìsinmi, àti fún ohunkóhun tí òjò bá dí yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó wúlò, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹ lè gbára lé pátápátá. Ìlà A àti ìlà B pàdé ní Termini, tí í ṣe ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó tóbi jù nínú ìlú. Ìlà B ní ibùdókọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Colosseum gan-an, ìlà A sì lè gbé yín dé Ottaviano, tí kò jìnnà sí Vatican. Àmọ́ agbo àárín yẹn, níbi tí Pantheon àti Navona wà, kò ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kankan nínú. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi yòówù tí wọ́n bá gbẹ́ ní Róòmù, ilé àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n máa ń gbẹ́ kàn, iṣẹ́ á sì dúró títí àwọn awalẹ̀pìtàn á fi parí tiwọn. Tí ẹ bá gba ibùdókọ̀ San Giovanni kọjá, níbi tí ìlà A àti ìlà C ti pàdé, ẹ má ṣe kánjú jáde: wọ́n pàtẹ àwọn ohun tí wọ́n hú jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sínú ibùdókọ̀ náà, kò sì ju owó ọkọ̀ yín lọ kí ẹ tó rí i.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ yúrò kan àtààbọ̀, ó sì wà fún ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Láàárín àkókò yìí, ẹ lè ti inú bọ́ọ̀sì kan bọ́ sí òmíràn bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè fi wọ abẹ́ ilẹ̀. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ni, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá wọlé. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tí kò rà rárá, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Káàdì báńkì tí kò nílò kíkì bọ ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà yìí.

Ohun méjì ni kí ẹ rà kí ẹ tó kúrò nílé: tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum àti ti àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican. Ti Colosseum jẹ́ yúrò 18, ó sì kó Foro Romano àti Palatino mọ́ra. Orúkọ yín ni wọ́n máa kọ sí i lára, nítorí náà ẹ mú ìwé ìrìnnà dání lọ́jọ́ náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n máa ń gbé e síta lórí ìkànnì ìjọba, kì í sì í pẹ́ tán. Pantheon tí ènìyàn ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ látijọ́ ti di yúrò 5 láti oṣù Keje ọdún 2023.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Àdùkẹ́

Ẹni tó ṣáájú mi ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, àmọ́ kò fẹnu ba ohun tó máa yọ màmá lẹ́nu jù, ìyẹn ilẹ̀ tí ẹ máa rìn. Òkúta dúdú kéékèèké ni wọ́n tò sí ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpópónà àárín Róòmù, orí wọn kò sì dọ́gba. Òmíràn ga, òmíràn ti rì, àlàfo sì wà láàárín wọn tí gìgísẹ̀ bàtà lè há sí. Ẹ jẹ́ kí màmá wọ bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó sì ti máa wọ̀ ọ́ kiri nílé ṣáájú ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú Foro Romano: òkúta ńláńlá tí àwọn ará Róòmù fi ṣe ọ̀nà wọn láyé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, orí rẹ̀ lẹ ó sì máa tẹ̀ kọjá. Colosseum ní ẹ̀rọ agbénisókè, nítorí náà àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò ní yọ màmá lẹ́nu. Òkè Palatino ni mo máa ní kí ó yẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá rí i pé Foro Romano pọ̀ jù fún òun, ẹ fi takisí gbé e lọ sí òkè Campidoglio, sí gbàgede tí Michelangelo, oníṣẹ́ ọnà àtijọ́ nì, ṣètò bí ó ṣe máa rí. Lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ ìlú tó wà níbẹ̀ ni ibì kan wà tí ènìyàn lè dúró sí, kí gbogbo Foro Romano tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ àwókù náà ti máa ń yé ènìyàn, torí pé nísàlẹ̀, òpó tó dá dúró àti ògiri tó ti wó nìkan lojú ń rí.

Ní ti Pétérù Mímọ́, ẹ jí lọ. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ gba ẹnu ẹ̀rọ ayẹ̀wò kọjá. Tí ẹ bá dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ìlà á ti yí gbàgede náà po, oòrùn á sì ti mú. Ẹ má ṣe yan ọjọ́rú, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́rú ni Póòpù máa ń pàdé àwọn èrò, àyàfi tó bá jẹ́ pé Póòpù fúnra rẹ̀ ni màmá fẹ́ rí. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ọkùnrin àti obìnrin. Nínú ilé náà, ère Màríà tó gbé òkú Jésù sórí itan, tí Michelangelo gbẹ́, wà lápá ọ̀tún bí ẹ bá ṣe wọlé, lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ rìn síwájú títí ẹ ó fi kan ère Pétérù tí wọ́n fi idẹ rọ, kí màmá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ àwọn olùjọsìn ti fi pa á láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn débi pé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti yọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń dán yinrin, nígbà tí ẹsẹ̀ òsì ṣì ní ìka tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan màmá gun òrùlé roboto ilé náà o. Àtẹ̀gùn 551 ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì wọ ẹ̀rọ agbénisókè ṣì máa fi ẹsẹ̀ gun 320.

Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àfi ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èrò ọjọ́ náà sì kọjá ohun tí orúnkún lè gbà. Ọ̀nà gígùn ló wà nínú rẹ̀ kí ènìyàn tó dé ilé ìjọsìn kékeré Sistine, níbi tí Michelangelo ti fi ọdún 1508 sí 1512 ya àwòrán sí àjà ilé. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ aláìlera tí wọ́n ń yá ènìyàn níbẹ̀. Ẹ béèrè fún un, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Màmá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Pétérù yẹn ti mú kí màmá máa ka ọjọ́. Ohun tó kù ni ibi tí a máa dé sí. A rí ilé ìtura kan lẹ́bàá Termini tí owó rẹ̀ kò gara, a sì rí òmíràn nítòsí Piazza Navona tó fi púpọ̀ wọ́n jù ú lọ. Ṣé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ fún irú wa? Báwo la sì ṣe máa ti pápákọ̀ òfurufú wọlé?

Èsì láti ọwọ́ Ẹlẹ́rù Fúyẹ́

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ, Navona ni ǹ bá sọ. Pẹ̀lú màmá, Termini ni kí ẹ mú, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, torí pé ẹwà àdúgbò náà kò tó nǹkan, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbẹ̀ lóru. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọkọ̀ Leonardo Express ń ti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino bọ̀ tààrà síbẹ̀ láìdúró lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú 32 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ yúrò 14 fún ẹnì kan. Ìlà abẹ́ ilẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì sì ń ti iwájú rẹ̀ gbéra. Santa Maria Maggiore, níbi tí wọ́n sin Póòpù Francis sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2025, kò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Màmá lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ibojì náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, orúkọ Franciscus nìkan ni wọ́n kọ sí i lára.

Tí ẹrù yín bá pọ̀, takisí náà kò burú. Ìjọba ìlú ti la iye kan pàtó sílẹ̀ láti Fiumicino dé ibikíbi nínú odi Aurelian, ìyẹn odi ìlú àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 271, àtẹrù àtènìyàn ló sì wà nínú owó náà. Ọkọ̀ funfun tó ní àmì takisí lórí ni kí ẹ wọ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń tò. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn pé òun ní ọkọ̀. Nínú ìlú náà, wọn kì í sábà dúró fún ẹni tó bá na ọwọ́ lójú ọ̀nà. Ibùdó wọn lẹ ó lọ, tàbí kí ẹ fi fóònù pè wọ́n.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ìyanṣẹ́lódì. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní Ítálì máa ń yanṣẹ́ lódì, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, òfin sì ní kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní àwọn wákàtí kan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ìkéde kí ẹ tó yan ọjọ́ tí ẹ máa lọ sí Vatican. Ní ti jàgùdà, bọ́ọ̀sì 64 tó ń ti Termini lọ sí apá Vatican ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ fi àpò síwájú àyà, kí fóònù má sì wà lọ́wọ́ yín nítòsí ilẹ̀kùn.

Èsì láti ọwọ́ Ará Òkè Òkun

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Termini yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí. Jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ kún un nípa agbo àárín, nítorí pé ibẹ̀ ló dára jù láti máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibẹ̀ náà ló sì le jù láti rí àyè jókòó. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá jókòó sórí Àtẹ̀gùn Sípéènì, nítorí náà inú ilé ìjọsìn ni kí màmá ti máa sinmi. San Luigi dei Francesi wà láàárín Navona àti Pantheon, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán mẹ́ta tí Caravaggio yà nípa Mátíù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ń ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan fún wákàtí mélòó kan.

Ní Navona, ẹ wo orísun omi tí Bernini gbẹ́ sí àárín, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1651. Ère ọkùnrin mẹ́rin ló dúró fún odò mẹ́rin, odò Náílì sì ni èyí tó fi aṣọ bo orí, torí pé wọn kò mọ orísun rẹ̀ nígbà náà. Ní Pantheon, tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ṣe sá lọ, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wọlé. Ihò ńlá tó wà láàárín òrùlé kò ní ìdérí, òjò á máa gba ibẹ̀ wọlé tààrà, ilẹ̀ tó rọra yọ ikùn díẹ̀ náà á sì darí omi sínú àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sí àárín òkúta. Láti ayé Olú Ọba Hadrian ni òrùlé náà ti wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe máa ra omi kiri. Ẹ̀rọ omi onírin tó ní imú gígùn wà káàkiri òpópónà, omi tútù tó mọ́ ló sì ń jáde nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Tí màmá kò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka dí ẹnu imú náà, omi á gba ihò kékeré tó wà lókè rẹ̀ tú sókè, á sì mu ún lórí ìdúró.

Èsì láti ọwọ́ Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àwókù, ọ̀kan ṣẹ́kù tí àwọn èrò kì í sábà dé. San Clemente kò jìnnà sí Colosseum. Ilé ìjọsìn tó wà lórí ilẹ̀ jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, abẹ́ rẹ̀ ni ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin wà, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni ojúbọ Mithras, òrìṣà kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bọ, àti àwọn ilé àtijọ́, tí ènìyàn ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn sì wà. Nítorí náà, kí màmá jókòó sókè, níbi tí iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ aláràbarà wà lára ògiri lókè pẹpẹ, kí ẹ̀yin nìkan sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.