Ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ kí n fi gé owó àwọn ọmọ sítọ́ọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè, Olúyọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò ti sun oorun dáadáa.

Èmi nìkan ni HR, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé níbí. Ohun mímu inú ike la ń ṣe, òṣìṣẹ́ wa lé ní ọgọ́ta. Ọdún kẹta mi rèé. Ní ìparí oṣù tó kọjá, wọ́n ka ọjà inú sítọ́ọ̀, wọ́n ní ó dín. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ₦555,000. Ní ìpàdé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa pátápátá ní kí n pín owó náà sórí àwọn ọmọ sítọ́ọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: ₦18,500 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún oṣù mẹ́ta. Wọn ò pe ìkankan nínú wọn láti bi í ní ohun tó mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la máa ń ka ọjà. Kíkà ti àárín oṣù pé pérépéré. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni ọjà dín, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an sì ni méjì nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi wà ní ìsinmi ọdún. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ìsinmi wọn. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Mo mọ èyí nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, mánéjà àkáǹtì yíjú wò mí, ọ̀rọ̀ náà sì padà sí mi lọ́fun. Mo kọ "18,500 × 10" sínú ìwé mi, mo ní, "Ó dáa, sà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ìsinmi wá bá mi. Ẹnìkan ti ta á lólobó. Kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò fọ etí fìlà náà bí ẹni tó fẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní mo jí?" Mo ní màá padà dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." "Ẹ ṣé" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù ni ìwé owó-oṣù máa ń kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí ìyá mi wà nílé ìwòsàn, àwọn ni wọ́n yá mi lówó, wọn ò sì gba èlé kankan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó níwájú wọn kí n ní ohun tí wọ́n pa láṣẹ kò dára? Iṣẹ́ ọkọ mi náà sì ń mì lọ́wọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Oore tí bàbá yẹn ṣe fún ọ ò ní kí o dákẹ́ kí wọ́n ṣìṣe. Tó bá jẹ́ bàbá tó bí ọ ló fẹ́ jẹ irú gbèsè ẹ̀sín báyìí, ṣé o ò ní sọ fún un ni?

Àmọ́ má sọ ọ́ ní ìpàdé Ọjọ́ Ajé. Àgbà tí ọmọdé bá já nírọ́ níwájú àwọn tó ń gbọ́ tirẹ̀, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìtìjú nìkan ni yóò gbọ́. Wá àyè bá a ní òun nìkan, lẹ́yìn tó bá ti jẹun ọ̀sán. Kúnlẹ̀ kí i bí o ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Oníṣòwò kan, Ìwó Road

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tá a gba ènìyàn síṣẹ́, torí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ọjà ń sọnù lóòótọ́. Mo ní sítọ́ọ̀ méjì. Bí owó dísù ṣe rí báyìí, tí wọ́n bá jí páálí mélòó kan, èrè oṣù yẹn ti lọ nìyẹn. Inú ń bí ọ̀gá yín, ẹ̀rù sì ń bà á pé tóun ò bá ṣe nǹkan kan, wọ́n á tún kó o lóṣù tó ń bọ̀.

Nítorí náà, àǹtí, ẹ má lọ bá a pẹ̀lú "kò dára" nìkan. Ẹ gbé ọ̀nà tí ọjà ò fi ní sọnù mọ́ dání. Sítọ́ọ̀ tèmi, ẹni tó ń lọ sílé àti ẹni tó ń bọ̀ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ ka ọjà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kan náà kí kọ́kọ́rọ́ tó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ti ẹnì kejì. Látìgbà tí mo ti ṣe èyí, mo ń mọ ìgbà tí ọjà lọ àti ẹni tó wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò kan, Ìyágankú

Ọ̀rọ̀ òfin ni tèmi. Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, sọ ọ̀rọ̀ yìí ní abala karùn-ún rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ò kàn lè gé owó òṣìṣẹ́ nítorí pé ọjà dín. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yẹn gan-an ló mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù náà, tàbí àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Kí wọ́n tó gé kọ́bọ̀, wọ́n tún gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ kíkọsílẹ̀ lọ́wọ́ labour officer, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Pípín in kárí ẹni mẹ́wàá láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ò bá òfin yẹn mu níbi kankan.

Abala kan náà ní gbogbo ohun tí wọ́n ń gé lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù lọ. Àǹtí, èló ni àwọn ọmọ náà ń gbà? Ṣé wọ́n ń san owó aláfowósowọ́pọ̀?

Ẹni tó béèrè

₦75,000 ni, sà. Púpọ̀ nínú wọn ń san ₦8,000 sí aláfowósowọ́pọ̀.

Agbẹjọ́rò kan, Ìyágankú

Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦75,000 ni ₦25,000. Ẹ ro ₦18,500 mọ́ ₦8,000, ó di ₦26,500. Ó ti kọjá ààlà, n kò tíì ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ₦70,000 ni owó-oṣù tó kéré jù lọ láti ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní ọgọ́ta sì wà lára àwọn tí òfin yẹn mú.

Ẹ wá gbọ́ tiyín. Labour Act yìí kò ka àwọn tó wà nípò alábòójútó tàbí amọ̀ṣẹ́dunjú mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bò. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ sítọ́ọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin má sì sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín jáde lálẹ́ òní, kí ẹ wo iye àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí wọ́n tó lè dá yín dúró. Ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbí, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí nìyẹn.

Ohun kan péré tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀: ẹ má gbé fáìlì òṣìṣẹ́ lọ sílé, ẹ má sì yà á sórí fóònù yín. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ń bẹ, a ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí padà kó di pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀. Ẹ̀dà ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni kẹ́ ẹ tọ́jú.

Ẹni tó ti ṣe HR fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó dáa, sà" yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ máa ń gé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó-oṣù bá jáde. Wọ́n ń gé e lóòótọ́, wọn ò fi í ránṣẹ́. Mo mọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi mọ̀ tí mo sì dákẹ́, mò ń sọ fún ara mi pé nǹkan á ṣẹnuure lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà wa kú lójú ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ wá síwájú tábìlì mi, ó wọ aṣọ dúdú, ó tẹ́ àwọn ìwé owó-oṣù ọkọ rẹ̀ síwájú mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tọ́ ìlà kan náà lórí gbogbo wọn: "Bàbá, èyí tí wọ́n gé yìí dà?" Ọjọ́ yẹn ni mo tó lọ bá ọ̀gá. Wọ́n san án níkẹyìn, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé má bẹ̀rù. Bẹ̀rù, kí o sì lọ.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló máa ń há ènìyàn lọ́fun. Tó bá ti jáde, ìyókù á tẹ̀ lé e. Torí náà, mọ gbólóhùn yẹn sórí kó o tó kúrò nílé. Sọ ọ́ sókè nínú ilé ìdáná, kí etí rẹ gbọ́ ohùn rẹ. Bí tèmi bá máa rí nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín kí ìwé owó-oṣù tó jáde, torí tó bá jáde báyìí, orúkọ yín ni yóò bàjẹ́." Lẹ́yìn náà, tẹ́ ìwé ìsinmi méjèèjì síwájú wọn, kí o sì dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Àwa HR máa ń sọ̀rọ̀ jù níbi tó yẹ kí ìwé sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kó o wá fa ìwé ojú kan jáde, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ ohun tí òfin sọ, ìṣirò ₦26,500 yẹn, àti ọ̀nà tí oníṣòwò òkè yẹn ń gbà ka ọjà (ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára o, má fojú fo ó). Buwọ́ lù ú, kọ ọjọ́ sí i. Tí wọ́n bá ṣì ní kí o gé e, o ti fi ohun tó o sọ lélẹ̀.

Tó o bá ní ìwé ẹ̀rí CIPM, ẹgbẹ́ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ HR, lọ tún ìlànà ìwà inú rẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ wa kàn ń gbé e kọ́ ògiri ni.

Mo ti ṣe sítọ́ọ̀ rí, Àpáta

Wọ́n gé tèmi náà rí, oṣù méjì. Owó yẹn ti tán lọ́kàn mi. Àmọ́ HR wa nígbà yẹn ò lè wo ojú mi mọ́, tá a bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ilẹ̀. Mo rò pé ó gbà pé mo jalè. Mi ò mọ̀ títí dòní. Àǹtí, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọmọ yẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ti Àpáta yìí, mo sunkún. Mo pe ọmọ sítọ́ọ̀ yẹn lọ́sàn-án yìí, mo sì sọ fún un.

Ẹni tó béèrè, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà

Mo lọ lánàá, ní aago méjì kọjá díẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo fi ìwé náà sẹ́yìn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jáde bí Bàbá Mọ́kọ́lá ṣe kọ́ mi, mo kàn sọ ọ́ yára jù. Ọ̀gá ní, "Ta ló rán ọ?" Mo ní, "Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún ni, sà." Mo tẹ́ ìwé ìsinmi náà síwájú wọn, mo dákẹ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ojú sókè. Wọ́n ní kí n yọ àwọn méjèèjì kúrò.

Ní ti àwọn mẹ́jọ tó kù, wọ́n ní mi ò mọ ohun tí olè ń ṣe fún ènìyàn. Mo gbé ìwé ojú kan yẹn lé tábìlì. Wọn ò kà á níṣojú mi, wọn ò sì dá a padà. Wọ́n ní kí n má tíì fi nǹkankan sínú ìwé owó-oṣù títí àwọn á fi pè mí. Mánéjà àkáǹtì ò dáhùn ìkíni mi láàárọ̀ yìí.

Wọ́n ti ní kí n mú ètò kíkà ọjà nígbà tí iṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ọwọ́ wá ní Ọjọ́ Ajé. Oníṣòwò Ìwó Road, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí yẹn ṣe rí? Ṣé ìlà kan ni ẹ ń fún irú ọjà kọ̀ọ̀kan, àbí ẹ kàn ń kọ àpapọ̀? Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó di Ọjọ́ Àbámẹ́ta.