Iṣan ìmọ̀lára já, a fi òmíràn dí àlàfo rẹ̀: níbo ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́?

Olùdarí
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tíátà àti physio. Gíláàsì gé èèyàn lọ́rùn ọwọ́, tàbí àdá bá a lápá, iṣan ìmọ̀lára (nerve) já, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ò sì kan ara wọn mọ́. Ó di dandan ká gé iṣan láti ẹsẹ̀ wá dí àlàfo. Nínú ohun tí ẹ ń rí, níbo ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́?

Abẹ́rẹ́Tínrín
Fífà ni. Bí wọ́n bá fa ẹnu méjèèjì tipátipá kó lè kanra, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ojú ìrán, àpá á gba ibẹ̀, fọ́nrán tó ń hù bọ̀ láti òkè ò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Ohun tí Millesi, oníṣẹ́ abẹ, tẹnu mọ́ ní Vienna nìyẹn láyé ọdún 1970: ojú ìrán méjì tó dẹ̀ sàn ju ẹyọ kan tó le dan-in lọ. Ẹ na ọwọ́ náà kí ẹ tó wọn àlàfo. Bí ẹ bá ká a wọ̀n, ọjọ́ tó bá na ọwọ́ ni ohun tí ẹ rán á já. Kí èyí tí ẹ fẹ́ fi dí i fi ìdá 10 sí 20 nínú 100 gùn jù ú lọ, torí ó máa ń sunkì. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ gé 5.5 tàbí 6.

Nọ́ọ̀sìTíátà
Kí wọ́n tó wọn nǹkan kan, ṣé wọ́n ti rẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa? Ibẹ̀ ni ojú máa ń ti ṣàánú iṣan jù. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, lábẹ́ maikirosíkóòpù, títí àpá funfun á fi tán, tí ẹ ó rí àwọn fọ́nrán tó yọrí jáde rọ̀bọ̀tọ̀. Bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, kó fẹ̀. Ẹ tún sọ fún ẹni tó ń fún un ní oògùn oorun pé kó má lo èyí tó ń sọ ẹran di aláìlágbára pẹ́ títí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ta iṣan jí ò ní rí ẹran kankan mú mì.

Akẹ́kọ̀ọ́500L
Ẹ jọ̀ọ́, median, iṣan tó gba àárín apá lọ sí ọwọ́, nípọn; sural, èyí tí a ń gé láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, tín-ín-rín. Kí ló dé tí a ò wá iṣan kan tó nípọn bákan náà?

Abẹ́rẹ́Tínrín
Torí oúnjẹ ni, àbúrò. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, omi ara tó yí i ká ni iṣan tí a gbé wá ń fà mu, kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀. Tín-ín-rín á fà á dé àárín. Èyí tó nípọn, àárín rẹ̀ á kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń to fọ́nrán sural mẹ́ta, mẹ́rin, jọ bí ìdì igi. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5, fọ́nrán mẹ́rin ní 6 ìkọ̀ọ̀kan, 24 nìyẹn. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan sì lè fún wa ní 30 sí 40. Okùn náílọ́ọ̀nù tó tín-ín-rín gan-an, 9-0 tàbí 10-0, méjì péré lójú ìrán kọ̀ọ̀kan, àti fibrin glue, gọ́ọ̀mù tí a fi ohun inú ẹ̀jẹ̀ ṣe, níbi tó bá wà. Okùn tó bá pọ̀ jù, àpá náà á pọ̀.

Màmá Wọ́ọ̀dù
Ẹ sọ fún aláìsàn kó tó fọwọ́ síwèé pé etí ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òde ò ní mọ nǹkan lára mọ́. Kò ní dí ìrìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó bá a lójijì.

PhysioỌ̀ṣun
Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, àmọ́ àkókò ló ń pa iṣẹ́ náà ju fífà lọ. Mìlímítà 1 lójúmọ́ ni fọ́nrán fi ń hù. Ulnar, iṣan tó lọ sí ìhà ìka kékeré, tó bá já ní ìgbọ̀nwọ́ á rin bíi sẹ̀ǹtímítà 25 kó tó dé ẹran kéékèèké inú ọwọ́, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹran tí àṣẹ ò dé bá fún oṣù 12 sí 18 kò ní gbọ́ mọ́. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà jókòó sílé, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Eléegun
Ẹ rọra o. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń sáré gé. Radial, iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè, tó dákẹ́ lẹ́yìn tí egungun apá ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń padà fúnra wọn. Ẹ fún un ní bí oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú EMG, àyẹ̀wò iná inú ẹran.

PhysioỌ̀ṣun
Ẹ̀gbọ́n, egungun tó ṣẹ́ lábẹ́ awọ lẹ ń sọ. Ọgbẹ́ ọ̀bẹ ni tèmi. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé tí ọwọ́ sì kú, ó já ni títí a ó fi là á wò.

Eléegun
Lórí ti ọ̀bẹ, ẹnu wa kò.

Màmá Wọ́ọ̀dù
Ọ̀rọ̀ "iṣan" yìí gan-an ń ṣe wá níjàǹbá. Tẹ́ńdọ̀nù tó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Òpó ẹ̀jẹ̀, iṣan ni. Nerve, iṣan náà ni. Aláìsàn á ní "wọ́n ti rán iṣan mi", ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tẹ́ńdọ̀nù nìkan ni wọ́n rán.

Abẹ́rẹ́Tínrín
Kì í ṣe aláìsàn nìkan ló ń ṣì í, Mà. Lọ́rùn ọwọ́, a máa ń gbọ́ pé wọ́n rán median mọ́ tẹ́ńdọ̀nù. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: tẹ́ńdọ̀nù funfun, ó ń dán, ó le. Iṣan ìmọ̀lára pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó rọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ wínníwínní máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ẹnu rẹ̀ sì ní àmì tótòtó.

Akẹ́kọ̀ọ́500L
"Ìmọ̀lára" náà ò tó. Ulnar ń gbé àṣẹ lọ bá ẹran pẹ̀lú. Ká kúkú máa pè é ní nerve.

Màmá Wọ́ọ̀dù
Ta ló máa yé ní Ìsẹ́yìn?

Nọ́ọ̀sìTíátà
Àwọn tó já bọ́ lórí ọ̀kadà ńkọ́, tí èjìká wọn ò gbéra mọ́?

Abẹ́rẹ́Tínrín
Bí gbòǹgbò bá ti fà tu kúrò lára ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí orí tí a fẹ́ so nǹkan mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oberlin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ti 1994 wúlò: a ó yọ fọ́nrán kan lára ulnar tó ṣì ń ṣiṣẹ́, a ó so ó mọ́ ẹ̀ka tó ń lọ sí biceps, ẹran tó ń ká ìgbọ̀nwọ́, nínú apá níbẹ̀. Ìrìn rẹ̀ kúrú, ìgbọ̀nwọ́ á tún ká.

Màmá Wọ́ọ̀dù
Èyí tó ń dùn mí jù ni abẹ́rẹ́ ìdí ọmọdé. Ibà mú ọmọ, wọ́n gún un ní ìdí ní kẹ́míìsì, ọmọ ké gan-an, ẹsẹ̀ sì rọ wọ̀ọ̀.

PhysioỌ̀ṣun
Sciatic, iṣan ńlá tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀, nìyẹn! Itan níwájú, lápá òde, ní ìdá àárín, ni ká ti gún ọmọ kékeré. Ibẹ̀ jìnnà sí i.

Eléegun
Fífi iṣan dí àlàfo ibẹ̀ ò sì rọrùn. Apá peroneal rẹ̀, tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, kì í sábà padà dáadáa, tẹ́ńdọ̀nù la máa ń gbé wá sókè ẹsẹ̀ níkẹyìn.

PhysioỌ̀ṣun
Láti ọjọ́ kìíní, kí ọmọ náà wọ splint, ohun tó ń mú ẹsẹ̀ dúró, sùn, kí wọ́n sì máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá ti sunkì, bí iṣan bá tilẹ̀ padà, àtẹ́lẹsẹ̀ ò ní kanlẹ̀.